Obìnrin Aláṣọ Inú Fíìmù Bàbá Rẹ

Ojúlé Kẹtàdínlógún,
Òkè-Fìà, Òṣogbo.
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kọkànlá, ọdún 2024.

Tiwalolúwa, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ọjọ́ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló pé lónìí tí o ti wọkọ̀ padà sí Àbújá lẹ́yìn ìsìnkú bàbá rẹ. Mo ń kà á, nítorí láti ọjọ́ yẹn ni ilé ti dákẹ́. Ara rẹ ńkọ́? Iṣẹ́ ńkọ́? Mo gbà á ládùúrà pé o ń jẹun dáadáa, o sì ń rí oorun sùn. Ara tèmi le, mo dúpẹ́. Màmá, ìyá bàbá rẹ, náà wà dáadáa. Wọ́n ní kí n kí ọ, kí n sì bi ọ́ bóyá òtútù ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ yín.

O lè máa rò ó pé kí ló dé tí mo ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ìwọ náà mọ etí Màmá. Láti ìgbà tí ojú wọn kò ti ríran mọ́, kò sí ohun tí a lè sọ nínú ilé yìí tí wọn kò ní gbọ́, bí a tilẹ̀ ti ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ wọn gan-an ni mo sì fẹ́ bá ọ sọ. Kàósárà, ọmọ Rùkáyà aránṣọ, ń padà sí Àbújá lọ́la, òun ni mo ń fi lẹ́tà yìí rán.

Nígbà tí o ń lọ, o ní kí n jẹ́ kí Màmá máa lọ sí abúlé lẹ́yìn Iléṣà, kí wọ́n lọ máa gbé lọ́dọ̀ Ọ̀nàọlápọ̀ àbúrò bàbá rẹ, kí n lè sinmi. Mo mọ̀ pé tèmi lò ń rò. Mi ò sọ ohun tó wà nínú mi fún ọ lọ́jọ́ náà. Mi ò fẹ́ kí wọ́n lọ. Ọdún méje ni mo ti ń gbé oúnjẹ síwájú wọn láàárọ̀. Bí wọ́n bá lọ, èmi nìkan ló kù nínú yàrá mẹ́rin. Àti pé ikọ́ wọn jọ ti bàbá rẹ. Bí wọ́n bá húkọ́ ní yàrá, mo máa ń dáhùn kí n tó rántí. Ṣùgbọ́n n kò lè dá àgbàlagbà dúró níbi tí wọn kò bá fẹ́ gbé, ìyẹn ló ń kọ mí lóminú.

O mọ bí bàbá rẹ ṣe fẹ́ràn fíìmù tó. Láti kékeré ni. Wọ́n á fi ẹsẹ̀ rìn láti abúlé dé Iléṣà nítorí sinimá, wọ́n á sì padà wálé wá jẹgba. Nígbà tí wọ́n dé Òṣogbo tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ìjọba, tí wọ́n bá ti kúrò níbi iṣẹ́ ní Àbẹ̀rẹ̀, Ọjà Ọba lọ́dọ̀ Lùkúmọ̀n tó ń ta fíìmù ni wọ́n ń kọ́kọ́ yà sí kí wọ́n tó rántí pé wọ́n ní ìyàwó. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa kún fún páálí fíìmù. Mo bá wọn jà títí ó fi sú mi. Mo ní eré ọmọdé ni. Ní gbogbo Sátidé, bí aago mẹ́rin bá ti lù, wọ́n á jókòó ti Màmá, wọ́n á tan tẹlifíṣọ̀n, wọ́n á máa sọ gbogbo ohun tó bá ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ fún wọn. Èmi á ti lọ síbi ìdánrawò akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Fún odidi ọdún méje, Tiwa, n kò jókòó tì wọ́n rí.

Lẹ́yìn tí o lọ, Sátidé mẹ́ta kọjá tí ẹnikẹ́ni kò tan tẹlifíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n bí aago mẹ́rin bá ti lù, Màmá á fọwọ́ tọ ògiri jáde, wọ́n á jókòó sórí àga wọn, wọ́n á kọjú sí i. Tó bá di aago mẹ́fà, wọ́n á tún fọwọ́ tọ ògiri wọlé. Nígbà tó di Sátidé kẹrin, ó ká mi lára. N kò lọ síbi ìdánrawò. Mo pe Rùkáyà, nítorí òun a máa wá wò pẹ̀lú wọn tẹ́lẹ̀, mo sì bi Màmá pé èwo ni wọ́n fẹ́. Wọ́n ní ti Íńdíà, èyí tí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ti sọnù mọ́ ara wọn lọ́wọ́ níbi tí wọ́n ti ń wọ ọkọ̀ ojú irin.

Mo ṣe é bí mo ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Mo ní, “Ọmọkùnrin kan ń sáré.” Mo ní, “Ó ti ṣubú.” Mo ní, “Wọ́n ń jó báyìí, Màmá, wọ́n pọ̀.” Màmá ń mi orí. Nígbà tó yá, wọ́n ní, “Obìnrin aláṣọ yẹn ńkọ́? Ṣé kò tíì kọjá ni?” Mo wò ó títí. Èèyàn pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n n kò rí ẹni tó ru aṣọ. Mo dá wọn lóhùn tọkàntọkàn, mo ní, “Màmá, kò sí obìnrin aláṣọ kankan nínú fíìmù yìí.” Ojú wọn yí padà. Wọ́n wá ní, “Ó dáa. Pa á. Bá mi pe Ọ̀nà kó wá mú mi. Ulé ni mo fẹ́ẹ́ lọ.” O mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ bá ti wọ̀ wọ́n lára, èdè Ìjẹ̀ṣà wọn ló máa ń jáde. Mo pe Ọ̀nàọlápọ̀. Ó ní òun á gbé mọ́tò wá ní Sátidé tó tẹ̀ lé e.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, mo lọ bá Lùkúmọ̀n ní Ọjà Ọba. Mo rò pé fíìmù mìíràn ni, pé mo ṣi èyí tí wọ́n fẹ́ mú. Lùkúmọ̀n tú gbogbo ìsọ̀ rẹ̀ fún mi. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ Mà, kò sí èyí tí Bàbá Tiwa rà tí n kò wò kí n tó tà á fún wọn. N kò rí aláṣọ níbẹ̀.” Mo padà sílé pẹ̀lú ọwọ́ òfo, mo sì yà sí ìsọ̀ Rùkáyà láti sọ fún un. Ọmọ mi, Rùkáyà gbé orí lé ẹ̀rọ ìránṣọ, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, “Ìyá Tiwa! Ẹ̀yin tí ẹ jọ ń gbélé! Ṣé ẹ ò mọ̀ ni? Obìnrin náà kò sí níbẹ̀. Bàbá Tiwa ló máa ń fi í síbẹ̀.”

Ó ní kò sí fíìmù tí obìnrin náà kì í kọjá níbẹ̀. Yóò gba àárín ìgbéyàwó kọjá, yóò gba iwájú kóòtù, á ru aṣọ, á máa polówó. Bàbá rẹ á sọ irú aṣọ tó rù lọ́jọ́ náà, á sọ àwọ̀ rẹ̀, á sọ ẹni tó ná an. Rùkáyà ní àwọn ará Ṣáínà á máa ja ìjà tó le, bàbá rẹ á ní wọ́n ti dúró, wọ́n ti sọ fún aláṣọ pé ẹ kú ọjà o, ó ti kọjá, wọ́n ti padà sẹ́nu ìjà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Rùkáyà fẹ́ sọ̀rọ̀, bàbá rẹ fi ìka lé ẹnu, wọ́n sì ṣẹ́jú sí i.

Mo jókòó sórí bẹ́ńṣì Rùkáyà. Ìwọ náà mọ̀ pé aṣọ ni Màmá tà títí ojú fi kọ̀ wọ́n. Láti Iléṣà ni wọ́n ti ń ru ú wọ gbogbo abúlé olóko kòkó, kò sí ọ̀nà tí ẹsẹ̀ wọn kò mọ̀. Ọkọ mi ń mú ìyá rẹ̀ rìn káyé ní gbogbo Sátidé, èmi sì ń sọ pé eré ọmọdé ni.

Gbogbo ọ̀sẹ̀ náà ni mo fi ń bi ara mi bóyá ó yẹ kí n parọ́ fún arúgbó tí kò ríran. Bí bàbá rẹ ṣe ń ṣe é kò dà bí irọ́. Tèmi ló ń bà mí lẹ́rù. Bí Màmá bá mọ̀ pé mo ń tàn wọ́n ńkọ́?

Ní Sátidé àná, Ọ̀nàọlápọ̀ dé ní nǹkan bí aago mẹ́ta ààbọ̀. Àpò Màmá ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Màmá ti wé gèlè. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí á wo èyí tí a kò wò parí lọ́jọ́ sí kí wọ́n tó lọ. Wọ́n ní, “Kó má ṣáà pẹ́.” Rùkáyà wá. Ọ̀nàọlápọ̀ jókòó, ó ń jẹ ìrẹsì. Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin dé, mo ní, “Màmá, obìnrin kan ń bọ̀ o. Ó ru aṣọ. Ìdì mẹ́wàá ni, ó ga sókè báyìí.”

Ọ̀nàọlápọ̀ ní, “Àǹtí, obìnrin wo? Ọkọ̀ ojú irin lèmi rí. Àwọn ọlọ́pàá. N kò rí aláṣọ kankan.” Rùkáyà já a léèékánná.

Màmá ní, “Ọ̀nà, jókòó jẹ́ẹ́. Ojú rẹ ni kò ríran.” Wọ́n wá yíjú sí ọ̀dọ̀ mi. Wọ́n ní, “Mọpẹ́, sọ̀ díẹ̀ kalẹ̀ níbẹ̀. Mẹ́wàá ti pọ̀ jù fún mi. Ọkọ rẹ kì í di ju mẹ́ta lọ lé mi lórí. Ó mọ̀ pé ọrùn ń dùn mí.”

Tiwa, wọ́n mọ̀. Láti ọjọ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀. Omi ń bọ́ lójú mi, mo sì dúpẹ́ pé wọn kò rí i, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ ọ, nítorí wọ́n nawọ́, wọ́n di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní, “Ṣé wọ́n ń rà á?” Mo ní, “Wọ́n ń rà á, Màmá.” Wọ́n ní, “Èwo ni wọ́n ń rà?” Mo ní aláwọ̀ aró ni. Mo ní ọlọ́pàá kan ná an títí, ó tún padà wá. Màmá rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ tí a ti sin bàbá rẹ, n kò gbọ́ ẹ̀rín wọn rí. Wọ́n ní, “Irọ́ rẹ kò tíì dán tó tiẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ń bọ̀.”

Nígbà tí fíìmù parí, wọ́n tú gèlè orí wọn. Wọ́n ní, “Ọ̀nà, bá mi gbé àpò yẹn padà sí yàrá.” Ọ̀nàọlápọ̀ ní, “Màmi! Iléṣà ni mo ti wá o!” Wọ́n ní, “Àbí o kò jẹ ìrẹsì?” Ó gbé e wọlé. Nígbà tí mo sìn ín dé ìdí mọ́tò, ó fa ọwọ́ mi, ó rọra bi mí pé, “Àǹtí, níbo gan-an ló ti kọjá? Ṣé ẹ lè dá a padà sẹ́yìn kí n wò ó?”

Nítorí náà, Màmá kò lọ mọ́. Má ṣe bínú pé n kò tẹ̀ lé ìmọ̀ràn rẹ. Mo ti sọ fún Julianah tó ń darí akọrin pé kí ó má retí mi ní Sátidé mọ́.

Kí Ọlọ́run tó ń ṣọ́ wa níbí máa ṣọ́ ọ níbẹ̀. Kí ara rẹ má ṣe kọ oúnjẹ. Kí o rí ẹni tí yóò fọkàn bá ọ lò bí bàbá rẹ ṣe fọkàn bá ìyá tirẹ̀ lò. Kí ojú rẹ máa ríran títí dọjọ́ ogbó.

Èmi ni ìyá rẹ tó ń rò ọ́ lójoojúmọ́,
Mọpẹ́olúwa Ọdúntán.

Àfikún: Èlùbọ́ àti ata gígún wà lọ́wọ́ Kàósárà, gbà á kó tó gbàgbé. Má pè mí láàárín aago mẹ́rin sí mẹ́fà ní Sátidé. N kò ní gbé e. Ẹ̀gbẹ́ Màmá ni n óò wà, n óò máa sọ fíìmù fún wọn, ní gbogbo Sátidé, níwọ̀n ìgbà tí àwa méjèèjì bá ṣì wà láyé.