Ilé Tó O Yà Kò Ní Ilẹ̀kùn

Ọmọ mi àtàtà,

Ọ̀rọ̀ kan ni kò jẹ́ kí n fojú kan oorun: ibo lèèyàn ń gbà wọ ilé tó o yà yìí? Kí n tó débẹ̀, ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Ìyá rẹ ń kí ọ, ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti san, ó ti ń fi í lé adìẹ kiri. Ìlú ńlá kò ní gbé ọ mì o.

Àbúrò rẹ ló fi àwòrán náà hàn wá nínú fóònù rẹ̀. Ó ní wọ́n gbé e kọ́ sára ògiri nínú gbọ̀ngàn ńlá kan, àwọn èèyàn sì ń wọ́ wá wò ó. Inú wa dùn ṣìnkìn. Ta ni kò mọ̀ pé bí ọmọ tó wà nílùú ńlá bá ti fi àwòrán ilé ránṣẹ́, ilé ló fẹ́ kọ́? Bí wọ́n bá sì ti gbé e kọ́ níbi tí gbogbo ayé ti ń rí i, ìjọba ti fọwọ́ sí i nìyẹn. Ni mo bá ránṣẹ́ pe bíríkìlà, èyí tí à ń pè ní Kò-tíì-wó látàrí ògiri tó mọ fún wa nílé ìdáná, kó wá wo ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé.

Ó yí fóònù sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ní ọlọ́gbọ́n lọmọ mi, pé ògiri yìí wọ́ díẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ìyẹn ti mọ́ òun lára, ṣùgbọ́n fèrèsé nìkan lòun rí, òun kò rí ilẹ̀kùn. Ìyá rẹ ní irọ́ ni, kó nu ojú rẹ̀ dáadáa. Òun náà wá a títí, kò rí i. Ó ní o gbàgbé ni, ṣebí láti kékeré lo ti ń gbàgbé bàtà síta.

Àbúrò rẹ wá ka àkọlé tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ fún wa: Ilé Tí Mi Ò Lè Wọ̀ Mọ́. Kò-tíì-wó bú sẹ́rìn-ín, ó ní abájọ! Ẹni tí kò yọ ilẹ̀kùn sílẹ̀, ibo ló fẹ́ gbà wọlé? Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dénú. Mo ti kàwé díẹ̀ láyé mi, mo mọ̀ pé àwòrán a máa sọ ju ohun tó wà lójú rẹ̀ lọ. Mo wá ń rò ó pé, ṣé àwa la ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ ni, àbí ọ̀nà ló dàrú mọ́ ọ lójú? Ìyá rẹ ní kí n yéé da ara mi láàmú, pé ilé tí kò nílẹ̀kùn, ilẹ̀kùn la ń ṣe fún un, a kì í fi sunkún.

Jọ̀ọ́, fi owó símẹ́ńtì àti ti ilẹ̀kùn ránṣẹ́. Kí ilẹ̀kùn náà fẹ̀ o, nítorí ẹrù rẹ. Bó bá sì jẹ́ owó ọkọ̀ nìkan ló wà lọ́wọ́ rẹ, má fi ránṣẹ́, fi wọkọ̀ máa bọ̀.

Ẹsẹ̀ rẹ yóò máa mọ̀nà ilé, lágbára Ọlọ́run. Èmi ni, bàbá rẹ.

Ilẹ̀ ti mọ́ báyìí. Kò-tíì-wó ti dé pẹ̀lú okùn àti èèkàn, ó ń bi mí pé apá ibo ni kí òun yọ ilẹ̀kùn sí. Mo ní kó jókòó dè ọ́, ìwọ lo mọ ibi tó wù ọ́ láti gbà wọlé. Mo ti pa fìtílà tí mo fi kọ lẹ́tà yìí lóru.