Ọmọ Tí Ìwé Kò Ní Àyè Fún

Dren Dol,
Lẹ́bàá Vidin,
Bulgaria.
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kìíní, ọdún 2004.

Rumyana, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Orúnkún tó ń dà ọ́ láàmú ńkọ́? Kosta ọkọ rẹ ńkọ́, àti àwọn ọmọ-ọmọ yín ní Sofia? Ara tèmi le. Ìrètí ló tán.

O mọ̀ pé èmi ni mo ń kọ ìwé ìbí àti ikú abúlé wa. Ọgọ́rùn-ún èèyàn péré la kù. Mẹ́jọ ló kú lọ́dún tó kọjá. Nínú ìṣirò ìjọba, ká ní a pé ẹgbẹ̀rún ni, ọgọ́rin ni ì bá kú. Ní ti ìbí, ó ti pé ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń kọ òdo.

Nígbà tí Kalina, ìyàwó Plamen, wá lóyún, àfi bíi pé gbogbo wa la lóyún. Àwọn arúgbó ń gbé wàrà àti ẹyin lọ fún un. Dimo, olórí abúlé, ń ṣẹ̀fẹ̀ pé ọmọ kan ṣoṣo yìí á sọ ìbí wa di mẹ́wàá nínú ẹgbẹ̀rún, a ó sì máa bá àwọn ará ìlú ńlá ṣe fáàárí. Àwọn obìnrin ti fi ìyẹ̀fun pamọ́ fún búrẹ́dì tí a máa ń pín ní ọjọ́ kẹta tí a bá bímọ. Èmi òpònú, mo ti kọ "1" sínú ìwé, báírò ni mo sì fi kọ ọ́.

Nínú oṣù Kejìlá, Kalina bí ọkùnrin. Kò ké. Kò mí rárá.

Lánàá, Màmá Zlatka, ìyá Plamen, wá bá mi ní ọ́fíìsì pé kí n kọ ọmọ-ọmọ òun sílẹ̀. Mo ṣàlàyé pé ẹni tó bá mí là ń kà mọ́ ìbí, ẹni tó bá sì ti mí rí là ń kà mọ́ ikú. Ó fi ìka tọ́ka sí ìwé náà.

"Stoyanka, o ka Dobri ọ̀mùtí mọ́ àwọn mẹ́jọ yẹn. Ṣé ọmọ mi kò tó Dobri ni?"

"Màmá, wọn ò ṣe àyè kankan fún un nínú ìwé."

"Oṣù mẹ́sàn-án ló fi gbé abúlé yìí. Gbogbo yín lẹ sì bọ́ ọ."

Lójú rẹ̀ ni mo fa ìlà gba orí "1" náà, tí mo kọ òdo. Plamen àti Kalina ti ń di ẹrù, Spéìn ni wọ́n ń lọ.

Nígbà tí Màmá Zlatka lọ tán, mo tẹ ìwé ìkéde òkú, irú èyí tí a máa ń lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà olóòkú. Yasen ni mo kọ, orúkọ tí wọ́n ti mú sílẹ̀ dè é. Ibi tí a ti ń kọ ọjọ́ orí, mi ò mọ ohun tí mo lè kọ síbẹ̀, mo fi í sílẹ̀ lófìfo. Mo lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà wọn. Láàárọ̀ yìí tí mo kọjá, ẹnìkan ti fi pẹ́ńsùlù kọ ọ́ síbẹ̀: oṣù mẹ́sàn-án.

Bá mi kí Kosta, kí o sì gbá àwọn ọmọ-ọmọ yẹn mọ́ra fún mi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tó kù nílé,
Stoyanka.