Ìjókòó Awakọ̀

Máfolúkù, Oṣòdì
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Mááṣì, 1964

Ẹ̀gbọ́n mi Fàtáì,

Ẹ kú oòrùn Kánò. Mo kí ìyàwó yín àtàwọn ọmọ. Ikọ́ Ìyá ti lọ.

N ò lè jókòó sójú kan nítorí ọkọ̀ tí èmi àti ọkọ mi fẹ́ máa gbé ná ọjà Òkè Ọya. Ńlá ni wọ́n fẹ́, mo ní kékeré tó ẹni méjì. Kékeré la rà. Ibùsùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹrù ń bẹ lábẹ́ rẹ̀, sítóòfù sì wà lẹ́bàá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kí èéfín lè ráyè jáde.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn gan-an rèé: ojú ọkọ mi ti ń ṣe bàìbàì, wọn ò sì gbà. Mo ti kọ́ ọkọ̀ wíwà láìsọ fún wọn, mo ti gba láísẹ́ńsì. Mo ní kí mẹkáníìkì sún ìjókòó awakọ̀ síwájú, kí ẹsẹ̀ mi lè tó bíréèkì. Lánàá, wọ́n jókòó síbẹ̀, orúnkún wọn kọlu sítíárìn. Wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n gba iwájú ọkọ̀ yí ká, wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

Kí Ọlọ́run jẹ́ ká bá yín láyọ̀. Tá a bá dé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bi wọ́n pé ta ló wa ọkọ̀.

Àbúrò yín,
Mọ́nsúrátù