Ó Yí Táímìnì Mọ́tò Ìyàwó Mi, Mo sì Tà Á

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, mi ò sì kọ lẹ́tà sí ìwé ìròyìn rí. Mo ti dàgbà kí n tó wọ iléèwé, torí náà ẹ fojú fo àṣìṣe mi. Ọ̀rẹ́ mi ló tàn mí. Ọ̀rẹ́ ogún ọdún... ẹni tó tún fẹ́ di àna mi.

Ìlobùú ni mò ń gbé. Mẹkáníìkì ni òun, ní Ìfọ́n. Ìyàwó mi ti kú, ọdún kẹrin rèé. Mọ́tò ìjàpá kan, èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lẹ́yìn, ni èmi àti ẹ̀ jọ rà nígbà tó ń ṣe tíṣà, òun gan-an ló sì ń wà á jù. Lẹ́yìn tó lọ, mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan mọ́tò náà àfi ọ̀rẹ́ mi yìí. Bó bá ń tún un ṣe, abẹ́ igi máńgòrò ni mo máa ń jókòó sí, mo máa ń kọ ẹ̀yìn sí i. Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í dúró lé ọ̀rẹ́ lórí bí ẹni ń ṣọ́ olè. Àṣìṣe mi nìyẹn.

Lọ́dún tó kọjá, ó tún un ṣe lónìí, lọ́la mọ́tò kò lè gun òkè mọ́, ó ń gbóná bí ààrò. Mo gbé e padà. Ó ṣí ẹ̀yìn rẹ̀, ó mi orí, ó ní ẹ́ńjìnnì ti kú, kí n má fi ẹ̀mí ara mi wewu lọ́nà Òṣogbo, òun mọ ẹnì kan tó máa rà á bí irin àlòkù. Mo sunkún nílé kí n tó gbà. Mo tà á.

Oṣù tó kọjá, mo yà sọ́dọ̀ rẹ̀ nítorí ìgbéyàwó, torí ọmọbìnrin mi kan ṣoṣo ni ọmọkùnrin rẹ̀ fẹ́ fẹ́. Mo bá a níbi tó bẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀yìn ìjàpá funfun kan. Búlúù ni tèmi, ṣùgbọ́n mo rí ibi tí ìkòkò ọbẹ̀ gbígbóná ìyàwó mi ti jó àga ẹ̀yìn nígbà kan... mọ́tò wa ni, wọ́n kàn kùn ún lọ́dà funfun. Mo dúró wò ó. Ó so gílóòbù kékeré kan mọ́ disitíríbútọ̀, nǹkan rìbìtì tó ń pín iná fún plọ́ọ̀gì, ó ń yí disitíríbútọ̀ náà díẹ̀díẹ̀ títí gílóòbù fi tàn, ó sì dè é pa. Yíyí tó yí i yẹn ni wọ́n ń pè ní táímìnì. Bí iná bá pẹ́ kó tó ta sí epo, ẹ́ńjìnnì á gbóná, kò ní lágbára. Kò tú nǹkan mìíràn. Ó sítáàtì rẹ̀, ó dún bí ìgbà tí ìyàwó mi ń wà á lọ síléèwé.

Ó yíjú, ó rí mi.

"Há, àna mi. Ẹ ò tiẹ̀ ránṣẹ́ pé ẹ ń bọ̀."

Mo bi í pé ẹ́ńjìnnì tó kú ńkọ́. Ó rẹ́rìn-ín.

"Táímìnì lásán ni. Mo yí i sẹ́yìn díẹ̀ nígbà yẹn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ò ní tà á láé, ẹ ń tọ́jú ẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ òkú. Ṣebí ọmọ yín náà ló máa jókòó sínú ẹ̀?"

Mo gba omi tó bù fún mi, mo mu ún, mo lọ sílé.

Ó ti sọ fún gbogbo ẹbí pé òun ló ra mọ́tò fún ọmọ òun. Ọmọ mi ti kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀... nítorí mọ́tò ìyá ara rẹ̀, kò mọ̀, torí kò tíì wọ inú ẹ̀. Ta ni mo fẹ́ sọ fún? Ẹ mọ ìjà ilẹ̀ tó wà láàárín Ìlobùú àti Ìfọ́n. Àwọn àgbà wa kò kọ́kọ́ gbà kọ́mọ mi fẹ́ ará Ìfọ́n, èmi ni mo bẹ̀ wọ́n, mo ní mo mọ ilé náà. Bí wọ́n bá gbọ́ èyí, ó tán nìyẹn. Ọmọkùnrin náà kò sì mọ̀ sí i, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ṣé kí n fìyà bàbá jẹ ẹ́?

Ìparí oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n máa wá gbé ìyàwó nílé mi, mọ́tò yẹn ni wọ́n máa gbé wá. Èmi ni mo máa fa ọmọ mi lọ́wọ́ wọ inú ẹ̀. Ṣé kí n sọ fún un ṣáájú, kí ìgbéyàwó dàrú? Àbí kí n ṣílẹ̀kùn mọ́tò fún un, kí n sì jẹ́ kó máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn títí ayé? Ẹ̀yin tó ti fọmọ fọ́kọ, kí ni kí n ṣe?