Kùránì Tí Mo Fẹ́ Gbé Wá sí Kóòtù

Chanchaga, Minna.

Uzair ọmọ mi,

Sannu o. Kí àlàáfíà Ọlọ́run máa bá ọ gbé ní Àbújá níbẹ̀. Ìyá rẹ Mọ̀ríámọ̀ ń kí ọ, ẹsẹ̀ tó ń dùn ún ti fúyẹ́, ewúrẹ́ wa bí ìbejì, àmọ́ omi ẹ̀rọ ò tíì yọ láti ọjọ́ Jímọ̀, àwa tí à ń gbé ẹ̀gbẹ́ ilé iṣẹ́ omi, a dúpẹ́ náà.

Ọ̀rọ̀ tí o bá mi sọ ò jẹ́ kí n lè kọ́ àwọn ọmọ kéú dáadáa mọ́. O ní àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú títì dá ọ dúró, wọ́n ní o mutí wa mọ́tò, wọ́n ní kí o fẹ́ èémí sínú ẹ̀rọ kan, ẹ̀rọ sì gbè wọ́n. Èmi tí mo ti ń fẹ́ àdúà sómi fún ogójì ọdún, mo mọ ọ̀rọ̀ èémí: ẹni tí kò bá ṣe bísímílà kó tó fẹ́, ohunkóhun lè bá a jáde. Ṣé o ṣe bísímílà? Bí o bá gbàgbé, ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ náà wá sí Chanchaga, èmi ni mo bí ọ, n ó bá ọ fẹ́ ẹ.

Lọ́yà rẹ ní ìdáhùn kan ṣoṣo ni ìwé kóòtù ń fẹ́, o jẹ̀bi tàbí o ò jẹ̀bi. Haba, ṣé kò sí àyè tí èèyàn lè kọ ọ́ sí pé Ọlọ́run ló mọ̀ jù? Mo kọ́kọ́ ní kí o bá wọn ṣẹjọ́, wàlláhì. Mo sọ fún ìyá rẹ pé n ó gbé Kùránì mi dání wá búra fún adájọ́ pé ọtí ò kan ẹnu ọmọ mi rí.

Ìyá rẹ wá ní Rumaysa ọmọ rẹ sọ fún òun lórí fóònù pé, "Abba máa ń mu nǹkan kan nínú mọ́tò, kì í jẹ́ kí n tọ́ ọ wò." Ọmọ ọdún mẹ́rin. Ẹ̀rù ló bà mí ju ìbínú lọ, torí inú mọ́tò yẹn náà ni ọmọ yẹn ń jókòó sí. Mo kọ́ ọ ní kéú dé ìparí, àmọ́ mi ò bi ọ́ rí bóyá ọkàn rẹ balẹ̀ nílùú yẹn.

Jọ̀ọ́, fi owó mọ́tò ránṣẹ́ sí èmi àti ìyá rẹ. Fi rán awakọ̀, torí ọmọbìnrin báńkì ní èyí tí o fi ránṣẹ́ níjọsí ti wọ inú fóònù mi, mo tú fóònù náà palẹ̀, mi ò rí kọ́bọ̀.

Kí o sì fi ẹnu ara rẹ sọ òótọ́ fún mi. Bí o ò bá mu ún, bá wọn ṣẹjọ́ dé òpin, n ó gbé Kùránì wá. Bí o bá mu ún, má bá ẹnikẹ́ni jiyàn, sọ fún adájọ́ pé o jẹ̀bi. Ọlọ́run á ṣọ́ ọ, á bá wa ṣọ́ Rumaysa. N ó fi Kùránì sílẹ̀ nílé, n ó sì wá dúró tì ọ́.

Èmi bàbá rẹ,
Àbdùlwàhídù.