Fíìmù Tíṣà tí Mo Gbé Lọ sí Ara

Tàjùdíìnì ọmọ mi,

Èmi ni mo sé àbúrò rẹ mọ́ ìlú Ara. N kò tíì lè sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, ìdí nìyí tí mo fi sọ ọ́ kí n tó kí ọ.

Àsàlámù aléékùm. Ṣé ara le? Ìyàwó àti àwọn ọmọ ńkọ́? Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ìwé yìí bá gbogbo yín ní àlàáfíà ní Àbíjàn. Èmi náà wà, orúnkún nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu.

O rántí pé àwọn òbí ọmọ iléèwé Ara kì í ka Fàòsíyà àbúrò rẹ sí tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní tíṣà ò ṣiṣẹ́ kan, ó kàn ń jókòó lábẹ́ òrùlé ni. Ó dùn mí. Nígbà tí wọ́n ṣe ìpàdé òbí, mo gbé fíìmù kan lọ nínú fláàṣì, wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, a jọ wò ó. Tíṣà kan ló fẹ́ kúrò ní abúlé nínú rẹ̀. Bó ṣe wọ mọ́tò, àwọn ọmọ gbé ìwé lérí, wọ́n kúnlẹ̀ sójú ọ̀nà, wọ́n ń sunkún. Tíṣà sọ̀ kalẹ̀, fíìmù parí. Bàbá Kọ́lápọ̀, olórí àwọn òbí, nu ojú, ó ní, "Ìyá Tíṣà, ẹ ti là wá lójú."

Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń bọ̀wọ̀ fún un. Àga iwájú ni wọ́n ń gbé fún èmi náà. Inú mi dùn, n kò ní parọ́.

Oṣù tó kọjá ni pásípọ́ọ̀tù rẹ̀ jáde, pé kó wá bá Hamid ọkọ rẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Mo lọ bá a palẹ̀ ẹrù mọ́. Bó ti gun ọ̀kadà báyìí, àwọn ọmọ ti kúnlẹ̀ sójú títì, ìwé lórí. Etí mi ni mo fi gbọ́ tí obìnrin kan ń sọ lẹ́yìn wọn pé, "Ẹ sunkún dáadáa, bíi ti inú fíìmù." Àbúrò rẹ sọ̀ kalẹ̀. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Tàjù, èmi náà pàtẹ́wọ́, omi ń bọ́ lójú mi, kí n tó rántí pé ọmọ mi ni.

Ti fíìmù parí síbẹ̀, ti Fàòsíyà kò parí. Ní ọjọ́ kejì, kíláàsì mẹ́ta ló ń dá kọ́. Ó ní, "Màámi, bí mo bá tún gbéra, wọ́n á tún kúnlẹ̀. Ṣé kí n fi ọ̀kadà gba orí ọmọ ọlọ́mọ kọjá ni?" Hamid sì ti sọ pé bí Iléyá bá bá a ní Nàìjíríà, kó kúkú máa jókòó síbẹ̀.

Èmi tí mo kọ́ wọn, ojú wo ni n ó fi ní kó máa lọ? Ìwọ ni àgbà ọkùnrin ilé wa báyìí. Kọ ọ́ sínú ìwé pé kó wá, kí o sì bá mi bẹ Hamid kó ní sùúrù díẹ̀.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ọ̀nà dí mọ́ ọ. O ò ní fi ọwọ́ ara rẹ dínà ọmọ rẹ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sìkírátù.

Mo tún rántí: Bàbá Kọ́lápọ̀ ránṣẹ́ lánàá, ó ní ṣé apá kejì fíìmù náà ti jáde, kí n gbé e wá sí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀. Mo ní mò ń retí rẹ̀. Èsì rẹ, pé kó wá, ni apá kejì tí mo fẹ́ kà fún wọn. Bàṣírù awakọ̀ tó mú ìwé yìí wá kì í pẹ́ lọ́hùn-ún. Jọ̀wọ́, tètè kọ ọ́ kó bá a padà.