Ọ̀gá Yọ Pupa Kúrò Nínú Iná

Yàrá Kẹta,
Ẹ̀yìn Ilé Ìwádìí Iná,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù karùn-ún.

Abẹ́rẹ́, ọ̀rẹ́ mi tó ju ẹbí lọ,

Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọn ò fi sísọ́ọ̀sì rẹ gé bébà mọ́? Ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ nídìí maṣíìnì, ṣé ó ti fi ọ́ sílẹ̀? Èmi wà. Bí ọ̀gá mi ò bá tíì pa mí, kò sẹ́ni tó tún lè pa mí.

O mọ̀ pé iná funfun là ń ṣe níbí. Oríṣi iyọ̀ kan ni, pẹrofísíkáìtì lorúkọ ẹ̀. A ó yọ́ ọ, a ó tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí gíláàsì, a ó fi iná mànàmáná sí i, á sì tàn. Ọ̀kan ń tan búlúù, ọ̀kan ń tan àwọ̀ ewé, ọ̀kan ń tan pupa; mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pa pọ̀ ló ń di funfun. Pupa yẹn niṣẹ́ tèmi. Ẹlẹgẹ́ ni. Ọ̀rinrin díẹ̀, ó ti kú. Bí ọmọ olóṣù méje ni mo ṣe ń tọ́ ọ.

Ọ̀gá wá gbọ́ pé àwọn àlejò ń bọ̀ wá yan iná tí ilé-iṣẹ́ wọn máa ṣe, èyí tó ń tàn jù tí kì í jẹ iná mànàmáná púpọ̀. Ló bá yọ pupa kúrò! Ojú èèyàn máa ń rí àwọ̀ ewé ju pupa lọ, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀. Yọ pupa, iye tí ẹ̀rọ yẹn ń kà á gòkè. Ọ̀gá ń jó. Mo ní, “Ọ̀gá, jìbìtì lèyí. Ẹ wojú wa, bí òkú àná la rí.” Ó ní ẹ̀rọ kì í parọ́, pé báwọn àlejò bá ti gbà á, a ò ní ṣe pupa mọ́ láyé. Abẹ́rẹ́, lábẹ́ iná yẹn, òwú dúdú lo máa fi rán aṣọ pupa!

Àwọn àlejò dé. Ọ̀gá dúró lábẹ́ iná, ó ń ka iye bí ẹni ń ka oríkì ara ẹ̀. Ìyàwó ẹ̀, nọ́ọ̀sì ni, mú awò ojú tí ọ̀gá gbàgbé nílé wá. Ó wọlé, ó figbe ta: “Bàbá Ìbejì! Látìgbà wo lẹ ti ń ṣàìsàn tẹ́ ẹ fi pa mọ́ fún mi?” Ó fa ìpéǹpéjú ọ̀gá wálẹ̀, ó ní kó yọ ahọ́n. Ó tún wẹ̀yìn, ó rí àwọn àlejò. “Yéè! Ẹ ti kó o ran gbogbo wọn!” Àlejò kan ń wo àtẹ́lẹwọ́ ara ẹ̀, èkejì ti wá àga jókòó. Ọ̀gá bá pariwo, “Ara wa le! Iná yìí ni ò dáa!”

Ẹnu ara ẹ̀ ló fi sọ ọ́, kì í ṣe èmi ni mo fi sí i lẹ́nu.

Àwọn àlejò ní tí pupa bá padà síbẹ̀, àwọn á padà wá. Ọ̀gá pè mí, ó ní kí n dá pupa padà, àmọ́ kí iye má wálẹ̀ o. Ṣé o rí ìwà? Mo ti ń ha ẹ̀yìn gíláàsì báyìí, kí ìmọ́lẹ̀ tó há sínú ẹ̀ lè ráyè jáde. Ó ti ń gòkè díẹ̀díẹ̀, láìsí jìbìtì.

Bá mi kí Bàbá àwọn ọmọ, kó o sì fa àwọn ọmọ létí fún mi. Ọ̀gá ò tíì bẹ̀ mí. Àmọ́ láàárọ̀ báyìí, òun ló ń kọ́kọ́ kí mi.

Èmi ni, tìrẹ láìyẹ̀,
Ẹnu-ò-Sinmi.